Òkè Dìbò fún Ìkòkò, Ìsàlẹ̀ Dìbò fún Àkàsọ̀

Àjàgbé, jókòó. Má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àlàyé, mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní níbi ìpàdé onílé lánàá, ìwọ tí o jẹ́ akọ̀wé wa lo dìde, tí o ní kí àwọn tó wá gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún àdúgbò yìí kó irinṣẹ́ wọn padà síbi tí wọ́n ti ń bọ̀, nítorí pé ẹgbẹ́ òṣèlú tí kì í ṣe tìrẹ ló rán wọn wá. Wọ́n ní àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún ọ. Inú ń bí mi sí ọ, mi ò sì ní fi bò. O ti kúrò lọ́mọ tí wọ́n ń fi suwíìtì tàn. Ìtàn kan ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Má já lu ọ̀rọ̀ mi.

Ọkùnrin kan wà ní àdúgbò tí mo gbé kí n tó kó wá síbí. Kì í ṣe ìwọ, ṣùgbọ́n ẹ jọ ara yín. Ẹ̀yìn ìlú ni àdúgbò náà wà, níbi tí oko ti parí tí ilé ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa la ra ilẹ̀ níbẹ̀ ní plọ́ọ̀tì kan, ààbọ̀ plọ́ọ̀tì, tí a kó wọ ilé tí a ò tíì rẹ́, tí a fi páànù dí ojú fèrèsé. Odò kékeré kan pín àdúgbò náà sí méjì. Àwọn tó kọ́kọ́ dé wà ní Òkè, òṣìṣẹ́ ìjọba ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn tó dé lẹ́yìn ra ilẹ̀ àbàtà tó kù ní Ìsàlẹ̀, oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n. Ìsàlẹ̀ ni èmi náà ra tèmi sí.

Òkè ń dìbò fún ẹgbẹ́ tí àmì rẹ̀ jẹ́ ìkòkò. Ìsàlẹ̀ ń dìbò fún ẹgbẹ́ tí àmì rẹ̀ jẹ́ àkàsọ̀. Má bi mí pé kí ló fà á. Èmi náà bi wọ́n, kò sẹ́ni tó rí i sọ. Ṣáájú kí ẹni tó ra ilẹ̀ sí Ìsàlẹ̀ tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, wọ́n á fi ibi tí wọ́n ti ń pọnmi hàn án, wọ́n á sì sọ fún un pé Alákàsọ̀ ni. Mo mọ ẹnì kan tó ta ilé rẹ̀ ní Òkè, tó lọ kọ́ òmíràn sí Ìsàlẹ̀. Kí ọdún ó tó yí po, ó ti di Alákàsọ̀, ó ń bú àwọn tí wọ́n jọ ń jẹun tẹ́lẹ̀. Ibi tí kálukú ra ilẹ̀ sí ló ń bá a dìbò. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Ọkùnrin tí mò ń sọ yìí ni alága àwọn onílé ní Ìsàlẹ̀. Aránṣọ ni, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó ku òun àti ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí. Ọmọ náà ti dàgbà, ó ti tó ẹni tó ń wọ ilé ọkọ, ṣùgbọ́n ó ní àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀la-dìde. Bí ara rẹ̀ bá dá, kò sí ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú tó o ní gbogbo Ìsàlẹ̀. Bí ìrora náà bá sì gbé e, àfi kí wọ́n sáré gbé e dé ọsibítù, ọsibítù ọ̀hún sì wà lẹ́yìn Òkè. Afárá pákó ni a fi ń kọjá odò. Bí òjò bá ti ń rọ̀, omi á bo pákó, Ìsàlẹ̀ á sì dá wà.

Nítorí náà, bí o bá bi ọkùnrin yìí pé kí ló fẹ́ láyé, kò ní dárúkọ mọ́tò, kò ní dárúkọ oyè. Afárá ló fẹ́. Afárá tí ọmọ rẹ̀ á fi kọjá láàyè.

Ó bẹ ẹgbẹ́ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ìbò bá ń bọ̀ ló ń bẹ̀ wọ́n. Òun ló ń rán fìlà fún wọn, tí á fi òwú ṣe iṣẹ́ àkàsọ̀ sí iwájú rẹ̀. Wọ́n á dé, wọ́n á jókòó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n á ní, “Alága, afárá yẹn ti wà nínú ètò.” Wọ́n á dé fìlà, wọ́n á lọ. Àjàgbé, kí ló máa mú wọn kọ́ ọ? Wọ́n mọ̀ pé bí wọ́n kọ́ ọ, bí wọn ò kọ́ ọ, Ìsàlẹ̀ á tẹ̀ka fún wọn. Àwọn Oníkòkò ńkọ́? Àwọn yẹn kì í tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá. Ta ló máa kó sìmẹ́ńtì lọ fún àwọn tí kò ní fún un ní ìbò ẹyọ kan? Ohun tí ọkùnrin yìí fẹ́ jù láyé wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ méjì, kò sì sí èyí tó bẹ̀rù rẹ̀ nínú méjèèjì.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé obìnrin kan láti Òkè di káńsẹ́lọ̀. Oníkòkò ni. Ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Ìsàlẹ̀, òun náà sì fẹ́ afárá. Ó jà títí ó fi rí ríìngì kọ́ńkéré gbà, irú èyí tí wọ́n fi ń yí kànga ká, ṣùgbọ́n tó tóbi tí ọmọdé lè dúró nínú rẹ̀, tí wọ́n ń tò sínú odò kí omi lè gba inú rẹ̀, kí èèyàn sì gba orí rẹ̀ kọjá. Wọ́n já wọn sí bèbè odò lápá Òkè. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò jẹ́ kí ríìngì náà kúrò ní ọ́fíìsì láì kọ́kọ́ ya nǹkan sí wọn lára. Ìkòkò pupa gbàgà-gbàgà ni wọ́n yà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Obìnrin náà fúnra rẹ̀ gba orí pákó kọjá, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù alága, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ríìngì ti dé o. Ṣùgbọ́n wọn ò fún wa tó. Ẹ bá wa bá àwọn èèyàn yín sọ̀rọ̀, ká wá ìyókù, ká jọ gbé e sómi kí òjò tó dé.” Alága ò fún un ní àga. Ó ní òun á pe ìpàdé.

Ó pè é lóòótọ́. Níbi ìpàdé náà ló ti ní, “Lọ́jọ́ tí ríìngì oníkòkò bá wọ odò yìí, a ti ta ara wa. Gbogbo ẹni tó bá gba orí rẹ̀ kọjá ti dìbò fún wọn.” Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún òun náà. Ìròyìn dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ Àkàsọ̀. Wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn tí kò rí ríìngì láti ọjọ́ yìí wá, kíá ni wọ́n rí i. Wọ́n já tiwọn sí bèbè odò lápá Ìsàlẹ̀, àkàsọ̀ aláwọ̀ ìyeyè ló wà lára rẹ̀. Kò tó odò náà í kọjá. Ti Ìkòkò náà kò tó o. Bí a bá kó wọn pọ̀, wọ́n tó, wọ́n sì ṣẹ́ kù.

Ọmọbìnrin yẹn rí i. Iwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ló máa ń jókòó sí bí ara rẹ̀ bá dá, tí á máa fi ọwọ́ rán etí aṣọ. Ó ní, “Bàbá mi, ẹ kó ti ibí mọ́ ti ọ̀hún, ká sinmi. Àbí bí ara bá tún ń ro mí, ṣé inú ìkòkò lẹ máa gbé mi sí ni, àbí àkàsọ̀ ni mo máa gùn lọ ọsibítù?”

Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Gbogbo ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Fara balẹ̀, ọmọ mi. Àwa la máa wọlé lọ́tẹ̀ yìí. Tiwa la máa fi ṣe é.” Ẹ̀rín yẹn ni mi ò lè dárí jì í.

Báyìí ni ríìngì ṣe jókòó sí bèbè méjèèjì. Koríko hù bò wọ́n. Adìyẹ ń yé ẹyin sínú ti Òkè, ewúrẹ́ ń sá òjò sínú ti Ìsàlẹ̀, àwọn obìnrin ń sá aṣọ sórí méjèèjì. Nígbà tí ariwo ìbò tún bẹ̀rẹ̀, àwọn géńdé apá kọ̀ọ̀kan wá ń ṣọ́ tiwọn, kí apá kejì má bàa yí i sómi. Rò ó wò. Wọ́n ń ṣọ́ ọ kó má bàa di afárá.

Kí lo sọ? O ní tiwa yàtọ̀? Pa ẹnu mọ́, mi ò tíì parí.

Òjò ọdún yẹn pọ̀. Ó rọ̀ tí kò dáwọ́ dúró, omi wá gbé afárá pákó lọ pátápátá. Ọ̀sán gangan ni ìrora gbé ọmọbìnrin náà. Bàbá rẹ̀ gbé e pọ̀n, ó sáré dé bèbè odò. Omi náà ti fẹ̀, ó ti pọ́n bí ẹrẹ̀, ó ń gbé igi lọ. Àwọn ará Òkè ti jáde sí òdìkejì. Káńsẹ́lọ̀ ti gbé mọ́tò rẹ̀ wá, ó ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀. Wọ́n ń wo ara wọn. Odò náà ò fẹ̀ jù kí èèyàn mọ ojú ẹni tó wà ní òdìkejì. Wọ́n ju okùn, omi gbé e. Ọkùnrin yìí dúró láàárín ríìngì alákàsọ̀, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ríìngì oníkòkò lọ́ọ̀ọ́kán.

Kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe mọ́ ju kí wọ́n gba ọ̀nà jíjìn, èyí tó yí gba ilé ìlagi. Wọ́n gbé ọmọ náà sáàárín bàbá rẹ̀ àti ọlọ́kadà. Ẹrẹ̀ mú ọ̀kadà, wọ́n sọ̀, wọ́n tì í, wọ́n tún gùn ún. Iwájú ilé ìlagi ni ọmọ náà kú sí. Àwọn lágilági pa ẹ̀rọ wọn, wọ́n bọ́ fìlà. Ọ̀kan nínú wọn ló bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ bò ó.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ sin ín, àwọn ará Òkè fi ẹsẹ̀ rìn gba ọ̀nà jíjìn yẹn wá. Wọ́n sunkún, ẹkún wọn kì í ṣe ti ojú ayé. Mo ní nínú ọkàn mi pé ó ti parí nìyẹn. Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Mo ní ilẹ̀ ọ̀la ò ní ṣú kí àwọn èèyàn wọ̀nyí tó yí ríìngì sómi. Káńsẹ́lọ̀ lọ kúnlẹ̀ níwájú ọkùnrin náà, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ni ẹnì kan láti ẹ̀yìn bá ní, “Ó ti bẹ̀rẹ̀ ìpolongo.” Ariwo sọ. Wọ́n lé obìnrin náà kúrò nídìí sàréè. Erùpẹ̀ ò tíì bo ọmọ náà tán.

Má rò pé Òkè ni mò ń gbè. Àwọn náà mọ̀ ọ́n ṣe. Kẹrosíìnì díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì ló tó láti fọ ìkòkò yẹn kúrò, kí alágídí èèyàn má rí nǹkan wí mọ́. Wọn ò jẹ́ fọ̀ ọ́. Wọ́n ní àmì àwọn ni. Wọ́n fẹ́ kí ẹni tó bá ń kọjá máa rántí ẹni tó ṣe é fún un. Inú ń bí mi sí àwọn náà, ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ni mo ránṣẹ́ pè lónìí.

Ọjọ́ ìbò dé. Orí ìlà, ẹ̀yìn ọkùnrin náà gan-an ni mo wà. Ó ti rù. Ẹ̀wù ara rẹ̀ ti di àgbéwọ̀, òun tó ń rán aṣọ bá àwọn ẹlòmíràn lára mu. Mo bi í jẹ́jẹ́ pé, “Alága, ta lẹ fẹ́ tẹ̀ka fún?”

Ó ní, “Àkàsọ̀.”

Mo ní, “Lẹ́yìn gbogbo èyí náà?”

Ó yíjú padà, ó wò mí. Ojú rẹ̀ gbẹ. Ó ní, “Bí mo bá yí padà lónìí, a jẹ́ pé ọmọ mi kú lásán.”

Ó wọlé, ó tẹ̀ka, ó ká ìwé ìbò náà, ó sọ ọ́ sínú àpótí. Àkàsọ̀ wọlé ní Ìsàlẹ̀ bó ṣe máa ń wọlé. Ìkòkò wọlé ní Òkè bó ṣe máa ń wọlé. Ríìngì ò kúrò lójú kan. Èmi ni mo kúrò, mo ta ilé mi, mo kó wá sí àdúgbò tiyín yìí. Mo rò pé mo ti sá fún un.

Àjàgbé, ọmọ náà kú lásán. Kò sí ọ̀nà míì tí a lè gbà sọ ọ́. Kì í ṣe ogun ló pa á, kì í ṣe àìsàn ló pa á, nítorí ó ti bá àìsàn yẹn jà láti kékeré, ó sì ń borí rẹ̀. Ọ̀dà ló pa á. Ọ̀dà pupa àti ọ̀dà ìyeyè. Bàbá rẹ̀ sì mọ̀. Ó mọ̀ ju gbogbo wa lọ, ìdí nìyẹn tí kò fi lè yí padà. Bó bá yí padà, á ní láti jókòó sílé kó gbà pé òun ti lè ṣe bẹ́ẹ̀ kí ọmọ òun tó kú. Èwo ni bàbá lè gbà nínú ìyẹn? Ó sàn fún un kó máa tẹ̀ka sí àkàsọ̀ títí tí òun náà á fi kú.

Ó wá kan ìwọ. Bàbá rẹ wà nínú ẹgbẹ́ yẹn, ìwọ náà wà níbẹ̀. Mi ò bá ọ jà nítorí ìyẹn. Dìbò fún ẹni tó wù ọ́, èmi kì í ṣe aṣojú ẹnikẹ́ni. Ohun tí mò ń bá ọ jà lé lórí ni pé o ti jẹ́ kí gbogbo ayé mọ ibi tí ìbò rẹ ń lọ kí ọjọ́ ìbò tó pé. Ẹgbẹ́ tìrẹ mọ̀ pé o ò ní lọ, wọn ò fún ọ ní nǹkan kan. Ẹgbẹ́ kejì rò pé o ò ní wá, síbẹ̀ wọ́n rán àwọn tó máa gbẹ́ kànga wá, o sì dìde, o jẹ́rìí fún wọn pé òótọ́ ni wọ́n rò. Ta lo fi ìyẹn jẹ níyà? Wọ́n ti kó irinṣẹ́ wọn lọ síbi tí wọ́n á ti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún ọ lánàá ni mo rí láti ojú fèrèsé mi láàárọ̀ yìí, tí wọ́n ń ti kẹ́ẹ̀gì omi gun òkè. Ìyàwó rẹ wà láàárín wọn. Ó kí mi, mi ò lè wò ó lójú.

Omi kànga tí à ń mu, gbogbo wa la mọ bó ṣe rí. Àwọn ọmọdé mélòó ló ti ya ìgbẹ́ gbuuru láti ìgbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀? Wọ́n yè é, a dúpẹ́. A ò mọ ti èyí tó ń bọ̀.

Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ. O fẹ́ sọ pé bí a bá gba omi lọ́wọ́ wọn, a ti ta ara wa. Ọkùnrin yẹn náà sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹni tó bá ti sin ọmọ rẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kan lórí kì í yí ọ̀rọ̀ náà padà mọ́, Àjàgbé. Mo ti fi ojú mi rí i. Ó ti wọ́n jù fún un. Ìgbà tí kò tíì sí òkú nílẹ̀ nìkan ló rọrùn láti sọ pé, mo ṣì í sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá.

Kò tíì sí òkú nílẹ̀ ní àdúgbò wa. Mú fóònù rẹ, kí o pè wọ́n.